Bàbá mi fẹ́ tún Route 66 rìn: ṣé ọ̀nà náà ṣì wà?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi láti Dallas. Mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú díẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi kàwé ní Oklahoma láti 1979 sí 1983. Títí di òní wọn ò yé sọ̀rọ̀ ìrìn kan tí àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn fi mọ́tò jákujàku kan rìn lọ sí California ní 1981. Wọ́n ní Route 66 làwọn gbà. Fọ́tò kan wà tí wọ́n yà lójú ọ̀nà: wọ́n dúró níwájú afárá onírin gígùn kan, irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí gbùngbùn bí ẹ̀yìn ìjàpá tó tò tẹ̀léra, iyanrìn sì pọ̀ ju omi lọ nínú odò ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi láìpẹ́, wọ́n ti pé ẹni ọdún 70, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo fẹ́ wa ọkọ̀ gbé wọn láti Chicago títí dé Santa Monica, mo tilẹ̀ ń rò ó pé kí n háyà ọkọ̀ àtijọ́ kó lè bá ìrántí wọn mu. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ní ìjọba ti fagi lé ọ̀nà náà láti 1985, pé kò sí mọ́. Fóònù mi náà ò mọ̀ ọ́n, márosẹ̀ I-40 ló ń júwe ṣáá. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo lè gbà níbi iṣẹ́. Ṣé ó ṣeé ṣe?”

Àbúrò mi, o ṣeun tó o kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó rí ohun tó ń dà ọ́ láàmú gan-an. O bi mí léèrè ọjọ́, o bi mí léèrè ọkọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù ni pé kí o ná gbogbo owó yẹn tán, kí o gbé bàbá débẹ̀, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, kí wọ́n ní “ibí kọ́.” Ó lè ṣẹlẹ̀. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀ sí àgbàlagbà kan níwájú ilé epo tó ti wó ní Texas, ó kàn jókòó sínú ọkọ̀ ni, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nítorí náà jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀díẹ̀.

Kí o lè mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀: ọdún méjìlá ni mo fi wa tírélà lórí I-40, láti Oklahoma City lọ dé Barstow ní California. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀nà tóóró kan máa ń bá mi sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Á sún mọ́ mi, á tún jìnnà, á gba abẹ́ márosẹ̀ kọjá, á yọ lódì kejì. Onítírélà kì í dúró wo nǹkan. Aago ló ń wò. Ìgbà tí mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni mo tó fi mọ́tò kékeré sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀nà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti rìn ín báyìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sì bẹ̀rẹ̀ láti Chicago, nítorí náà apá ìwọ̀ oòrùn ni ẹnu mi gbà jù. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tú Illinois àti Missouri fún òun kọ́nà sí kọ́nà, kó wá ẹlòmíì.

Ọ̀rẹ́ rẹ ò parọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1926 ni wọ́n fún ọ̀nà náà ní nọ́ńbà, nígbà tí Amẹ́ríkà ń to àwọn ọ̀nà àpapọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin ará Tulsa kan, Cyrus Avery, ló jà fitafita kí ó lè gba ìpínlẹ̀ Oklahoma kọjá. Kì í ṣe pé wọ́n lànà tuntun o. Ọ̀nà oko, ọ̀nà ọjà, títì àárín ìlú ni wọ́n gán pọ̀ bí ẹ̀wù alákìísà, láti Chicago títí dé California, ìpínlẹ̀ mẹ́jọ, nǹkan bí 2,448 máìlì. Ó di 1938 kí wọ́n tó rí ọ̀dà tàbí kọnkéré dà sí gbogbo rẹ̀ tán. Ní 1956, Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí òfin tó pèsè owó fún àwọn márosẹ̀ ńlá, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ 66 ní abala-abala. I-55 gbà á láti Chicago dé St. Louis, I-44 gbà á dé Oklahoma City, I-40 gbà á la Texas, New Mexico àti Arizona já, I-15 àti I-10 sì gbé e dé Los Angeles. Williams ní Arizona ni ìlú tí márosẹ̀ yà sílẹ̀ kẹ́yìn, ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 1984. Nígbà tó di oṣù kẹfà 1985, wọ́n yọ 66 kúrò nínú ìwé.

Nọ́ńbà ni wọ́n yọ, wọn ò ká ọ̀nà nílẹ̀ bí ẹni ká ẹní. Ohun tó wà nílẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ tí ọ̀nà gba ààrin wọn kọjá, àti àwọn àgbẹ̀ mìíràn tí wọ́n ti fi wáyà dí tiwọn pa. Ibòmíì ti di ọ̀nà ìpínlẹ̀ tó ń dán. Ibòmíì ni títì ńlá àárín ìlú, bíi Central Avenue ní Albuquerque. Ibòmíì wọ́n gbé márosẹ̀ gun orí rẹ̀, o ń wa ọkọ̀ lórí 66 o ò mọ̀. Ibòmíì sì rèé, koríko ti la àárín rẹ̀ hù, ehoro ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Bí o bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà ṣì ṣeé wa ọkọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn ìlú tí márosẹ̀ pa kú sì ti jí díẹ̀. Onígbàjámọ̀ kan ní Seligman, ní Arizona, Angel Delgadillo, rí i bí ìlú rẹ̀ ṣe dákẹ́ ní 1978 nígbà tí I-40 yà wọ́n sílẹ̀. Ní 1987, òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ kó ẹgbẹ́ jọ, wọ́n rọ ìpínlẹ̀ Arizona títí ó fi sọ ọ̀nà àtijọ́ láti Seligman dé Kingman di ọ̀nà ìtàn. Ibẹ̀ ni pátákó “Historic Route 66” tó o máa ń rí káàkiri lónìí ti mú orísun.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kò fìgbà kan jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọdọọdún ni wọ́n ń tún un yí, wọ́n ń gé kọ́nà rẹ̀, wọ́n ń gbé e kúrò nínú ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Títí di 1937, ó máa ń gòkè lọ sí Santa Fe kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Albuquerque. Lẹ́yìn náà wọ́n gé e tààrà láti Santa Rosa. Lọ sí oríta Central Avenue àti Fourth Street ní Albuquerque, wàá rí ibi tí Route 66 ti dábùú ara rẹ̀, ti 1926 ń bọ̀ láti àríwá, ti 1937 ń bọ̀ láti ìlà oòrùn. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé òun rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, rẹ́rìn-ín, kí o bi í pé èwo nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí, má sọ ọ́ fún bàbá ní gbangba. Ní 1981, I-40 ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ láti Oklahoma City lọ sí California. Ibi díẹ̀ ló kù tí márosẹ̀ ò tí ì tán, tí ọkọ̀ ní láti gba àárín ìlú: McLean ní Texas wà nínú wọn, Williams ní Arizona náà wà. Bí bàbá àti ọ̀rẹ́ wọn bá ń kánjú lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mẹ́jọ nínú máìlì mẹ́wàá tí wọ́n rìn, I-40 ni, kí wọ́n máa já bọ́ sórí 66 lóòrèkóòrè, kí wọ́n ra epo, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n tún gun márosẹ̀ padà. Wọn ò purọ́. Ojú ọ̀nà tí èèyàn ti sọ̀ kalẹ̀, tó ti bá èèyàn sọ̀rọ̀, òun ni ọkàn máa ń gbà sílẹ̀; márosẹ̀ kì í wọ ìrántí ẹnikẹ́ni, èmi tí mo wà lórí rẹ̀ fún ọdún méjìlá ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó já sí pé bí o bá gbé wọn ti Chicago bẹ̀rẹ̀, ìpínlẹ̀ mẹ́ta gbáko lẹ máa là kọjá tí bàbá ò rìn rí. Ìrántí ta ni ẹ wá ń wá kiri níbẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí fọ́tò tó o ṣàlàyé fi ṣe pàtàkì sí mi ju gbogbo ìyókù lẹ́tà rẹ lọ. Mi ò tí ì fojú rí i, nítorí náà mi ò ní búra. Àmọ́ afárá gígùn, irin kúkurú tó gbùn lẹ́yìn bí ìjàpá tó tò tẹ̀léra, odò oníyanrìn: afárá William H. Murray tó kọjá odò South Canadian nítòsí Bridgeport, ní Oklahoma, lèyí jọ lójú mi. Pony Bridge làwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ọdún 1933 ni wọ́n kọ́ ọ, gígùn rẹ̀ fẹ́ẹ̀ẹ́ pé 4,000 ẹsẹ̀, abala irin tó tò sórí rẹ̀ jẹ́ 38. Bí o bá ń wakọ̀ kọjá lórí rẹ̀, òjìji irin náà á máa já lé ọ lójú, fìrì, fìrì, fìrì, bí ẹni ń ṣí fèrèsé tó ń tì í. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ Oklahoma City ni bàbá ti kàwé, kò ní jìnnà sí i, nítorí láti ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Ohun kan ló rú mi lójú: I-40 gba gúúsù rẹ̀ kọjá, ó sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí 1981 tó dé. Ẹni tó ń lọ sí California tààrà kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Nǹkan kan ló mú wọn yà. Bi wọ́n.

Ní ti fóònù, kò ṣẹ̀ ọ́. Ọ̀nà tó yá jù ni wọ́n ní kó máa wá, o sì ń fi í wá ọ̀nà tó falẹ̀ jù. O lè ní kó yẹra fún márosẹ̀, ìyẹn á ràn ọ́ lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ nígbà mìíràn á kàn gbé ọ gba ọ̀nà oko kan tí kò bá 66 tan rárá. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ra ìwé atọ́nà tó ń kọ ìyípo kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á máa kà á sókè. Fún bàbá ní iṣẹ́ yẹn. Àgbàlagbà tí wọ́n kàn gbé sínú ọkọ̀ bí ẹrù á sùn; èyí tó ń júwe ọ̀nà ò ní sùn. Tọ́jú máàpù sínú fóònù kí o tó kúrò nílé, nítorí nẹ́tíwọ̀kì máa ń lọ pátápátá láwọn apá kan ní New Mexico àti Arizona. Fi ojú náà wá ọ̀nà: ojú irin réluwéè kì í sábà jìnnà sí i, àwọn òpó wáyà àtijọ́ náà ń tẹ̀ lé e. Níbi tí kọnkéré àtijọ́ bá kù, bí ìwọ̀ oòrùn Pony Bridge lọ sí Hydro, wàá rí i pé etí títì náà yọ sókè díẹ̀ bí etí àwo, táyà rẹ á sì máa gbá ojú ìpàdé kọnkéré náà, gbì-gbì, gbì-gbì, títí tí kò fi ní hàn sí ọ mọ́. Pa rédíò nígbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀.

Bí o bá rí pátákó “Dead End,” gbà á gbọ́. Èmi ò gbà á gbọ́ nígbà kan. Láàárín Alanreed àti Groom ní Texas, abala ilẹ̀ dúdú kan wà tí wọ́n ń pè ní Jericho Gap, tó jẹ́ pé ẹrẹ̀ ibẹ̀ ló ń fìyà jẹ àwọn awakọ̀ láyé àtijọ́ kí wọ́n tó yí ọ̀nà kúrò níbẹ̀. Mo ní dandan kí n rí i. Òjò ti rọ̀ lánàá rẹ̀. N kò tíì wọ̀ ọ́ jìnnà tí táyà fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, ẹrẹ̀ náà lẹ̀ mọ́ ọn bí àmàlà, bàtà mi kan sì kù sínú rẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Àgbẹ̀ kan ló fi katakata fà mí jáde. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, àmọ́ ó bi mí bóyá ìwé kíkà ni mi ò mọ̀. Ẹni tó gbé àgbàlagbà olórúnkún dání kò gbọdọ̀ dé irú ibẹ̀. Ọ̀nà tí wọn ò bá da ọ̀dà sí, tí ojú ọ̀run bá ṣú, fò ó.

Wàyí o, ọjọ́ mẹ́wàá. Bí a bá pín 2,448 máìlì sí ọ̀nà mẹ́wàá, kò tó 250 lójúmọ́, á sì dà bí eré lójú ẹni tó ń gun márosẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí gba àárín ìlú kọjá, iná títì ń dá ọ dúró, 35 tàbí 45 ni pátákó ń sọ pé kí o sá, wàá ṣìnà, wàá padà, wàá dúró ya fọ́tò. Wákàtí méje sí mẹ́jọ ni 250 máìlì ń gbà lórí rẹ̀. O ò tíì ka ìrìn láti Dallas lọ sí Chicago mọ́ ọn, tàbí èyí tó o máa rìn láti Santa Monica padà wálé, ìyẹn nìkan lé ní 1,400 máìlì. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni mo ń gba àwọn tó le dáadáa nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ṣe gbogbo rẹ̀. Fún ìwọ àti bàbá ní ọjọ́ mẹ́wàá, ìdáhùn mi ni rárá. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe, ó ṣeé ṣe. Ibi tẹ́ ẹ máa sùn nìkan lẹ máa rántí ni.

Bó bá jẹ́ èmi, ohun tí màá ṣe nìyí. Màá gba I-35 láti Dallas lọ sí Oklahoma City, wákàtí mẹ́ta lé díẹ̀. Màá lo ọjọ́ méjì níbẹ̀ láìsáré, màá gbé bàbá lọ wo ilé ìwé wọn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìrìn wọn ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà màá dorí kọ ìwọ̀ oòrùn: El Reno, afárá yẹn, ilé epo kékeré nítòsí Hydro tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Lucille Hamons dúró tì láti 1941 títí ó fi kú ní 2000, ilé ìtàn ọ̀nà náà ní Clinton, tí mo fẹ́ràn nítorí pé àga wà níbẹ̀. Kí ẹ wọ Texas láti Shamrock, níbi tí ilé epo 1936 kan ṣì ti ń tan iná aláràbarà lálẹ́, kí ẹ gba McLean tí bàbá gbọ́dọ̀ là kọjá ní 1981, kí ẹ sùn ní Amarillo. Adrian ló kàn. Ìlú kékeré ni, àmọ́ àárín gbùngbùn ọ̀nà náà ni wọ́n ń pè é: pátákó ibẹ̀ sọ pé 1,139 máìlì ni sí Chicago, 1,139 ni sí Los Angeles (àpapọ̀ rẹ̀ kò tó 2,448, ṣùgbọ́n mo ti sọ pé ọ̀nà náà kò fìgbà kan jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo). Kí ilẹ̀ tó ṣú kí ẹ dé Tucumcari ní New Mexico. Ní Tucumcari, jókòó kí o wo bàbá dáadáa. Bí orúnkún bá ti wú, ẹ yí padà, Dallas kò ju ìrìn ọjọ́ kan sí méjì lọ láti ibẹ̀ bí ẹ bá gba Amarillo. Bí ara wọn bá ṣì ya gágá, ẹ tẹ̀ síwájú dé Albuquerque.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹ wọ bàálù lọ sí Las Vegas, kí o háyà mọ́tò, kó o dé Kingman láàárín wákàtí méjì. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, láti ìlà oòrùn Seligman wá gba Peach Springs, Kingman àti Oatman lọ sí etí odò Colorado, ni abala 66 tó gùn jù tí kò já, nǹkan bí 160 máìlì. Bí o bá bi mí níbi tó rẹwà jù, ibẹ̀ ni. Òkè tó wà ṣáájú Oatman ga, ọ̀nà rẹ̀ lọ́ bí ejò, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní irin tó ń dáàbò bo ọkọ̀ létí rẹ̀. Láyé àwọn mọ́tò tí epo wọn ń ṣàn sínú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, àwọn awakọ̀ máa ń fi rìfáàsì gun òkè náà kí epo lè máa dé ibi tó yẹ. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ dé góńgó, ṣùgbọ́n owó bàálù wà níbẹ̀, owó háyà wà níbẹ̀, bàbá sì lè máà rántí ohun kan ṣoṣo níbẹ̀, nítorí láti 1978 ni I-40 ti mú èrò kúrò ní abala Seligman. Ẹwà ni wàá rà. Ìrántí ń bẹ ní Oklahoma, wákàtí mẹ́ta sí ilé rẹ.

Ọkọ̀ àtijọ́ ńkọ́? Jọ̀ọ́ o. Ẹni tó ń ya fọ́tò ló ń gbádùn rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó jókòó sínú rẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ rẹlẹ̀, olórúnkún á gùn ún sọ̀ ún títí á fi sú u. Bíréèkì rẹ̀ kò dà bíi tòní. Bí amúlétutù bá kọṣẹ́ nínú oòrùn Texas, ìgbádùn parí. Háyà èyí tó ga díẹ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀. Bó o bá sì fẹ́ fi mọ́tò náà sílẹ̀ ní ìlú mìíràn, béèrè owó ìfisílẹ̀ kí o tó fọwọ́ sí ìwé. Èmi fọwọ́ sí i láìbéèrè lẹ́ẹ̀kan, owó tí wọ́n bù fún mi ju ti háyà ọ̀sẹ̀ náà lọ.

Nípa ibi sísùn, àwọn mòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ máa gbà yín ju òtẹ́ẹ̀lì alájà lọ, nítorí ilé ilẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, ẹnu ọ̀nà yàrá lo máa páàkì sí. Blue Swallow ní Tucumcari, tó ti wà láti 1939, ní gáréèjì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá. Yàrá wọn ò pọ̀, èèyàn sì máa ń du ú. 2026 sì ni ọ̀nà náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí náà má ṣe dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá débẹ̀ kí o tó wá yàrá. Bi wọ́n tẹ́lẹ̀ nípa ilé ìwẹ̀ náà: agbada tí èèyàn ní láti gbé ẹsẹ̀ sókè kó tó wọ̀ ọ́ lè ba ìrìn náà jẹ́ ju ìjì lọ. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni màá yàn. Ní oṣù kẹrin sí ìkẹfà, ìjì líle àti yìnyín ń jà ní Oklahoma, ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá padà wá pinnu Arizona, ranti pé Flagstaff ga tó 7,000 ẹsẹ̀, atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Kí bàbá bá dókítà wọn sọ ọ́ ṣáájú, nítorí awakọ̀ lèmi, n kì í ṣe oníṣègùn. Ìpínlẹ̀ Arizona kì í sì í yí aago padà nígbà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ bá ń yí tiwọn, àmọ́ ilẹ̀ àwọn Navajo, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ kan, tó wà nínú rẹ̀ ń yí i, nítorí náà má jẹ́ kí fóònù dà ọ́ lórí rú. Àwọn afárá onígi tó wà ní aṣálẹ̀ Mojave ní California sì máa ń wà ní títì nítorí àgbàrá. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀, kó pe ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ kó tó lọ.

Ohun kan ṣì kù tí àwọn tó ń ta ife àti ohun ìrántí tí wọ́n kọ 66 sí lára kì í sọ. Ìrántí dídùn ọ̀nà yìí, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló jọ ní in. Ní ìdajì ayé ọ̀nà náà, aláwọ̀ dúdú kò lè wọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn mòtẹ́ẹ̀lì tí à ń yà fọ́tò wọn lónìí. Àwọn ìlú kan wà tí wọn ò gbọdọ̀ bá oòrùn wọ̀ níbẹ̀. Ní 1936 ni òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan tó ń gbé ní Harlem, àdúgbò kan ní New York, Victor Hugo Green, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kékeré kan jáde kí aláwọ̀ dúdú lè mọ ibi tó máa gbà wọ́n, ìwé náà sì ń jáde títí di àwọn ọdún 1960. Nítòsí Luther, ní ìlà oòrùn Oklahoma City, ilé epo ìdílé Threatt ṣì wà níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú ló kọ́ ọ, òkúta tí wọ́n gbẹ́ lórí ilẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ débẹ̀ kí ẹ tó dorí kọ ìwọ̀ oòrùn. Òfin ti dá ìyàsọ́tọ̀ aláwọ̀ dúdú yẹn dúró láti 1964, bàbá dé ní 1979, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kan tó kàwé ní Amẹ́ríkà lásìkò yẹn sọ fún mi pé inú mọ́tò làwọn máa ń sùn, òru làwọn sì máa ń la àwọn ìlú kan kọjá láìdúró. Bóyá owó ni kò sí, bóyá nǹkan mìíràn ni. Bí bàbá bá dákẹ́ níbì kan lójú ọ̀nà, má yára fi ọ̀rọ̀ dí àlàfo náà.

Nígbà tí ẹ bá dé Pony Bridge, má dúró lórí rẹ̀. Kò ní ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ lè yà sí, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì ń gbà á. Kọ́kọ́ wádìí pé ó ṣí, nítorí wọ́n ti tì í rí láti tún un ṣe. Wa ọkọ̀ kọjá rẹ̀ jẹ́jẹ́, wá ibi tó fẹ̀ ní ìkángun, páàkì, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn padà díẹ̀ níwọ̀n tí orúnkún bá gbà. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, nígbà tí oòrùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wọ inú irin náà. Mú fọ́tò náà gan-an dání, kì í ṣe èyí tó wà nínú fóònù, kí o fi lé bàbá lọ́wọ́, kí o wo irin tó kọ́kọ́ yọ lẹ́yìn èjìká wọn. Bó bá bára mu, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí o sì sọ ohun tó mú wọn yà kúrò lórí I-40 lọ́jọ́ náà. Bí kò bá bára mu, fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, ká jọ wá afárá náà.